Ọdẹ́níran àti Ògiri tí Oòrùn Gbé Lọ

Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò díẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ibi jókòó sí. Ìtàn yìí kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ṣókùnkùn. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kí ó sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà kì í sọ ọ̀rọ̀ igbó bí ó ti rí, nítorí kò fara balẹ̀ wò ó.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìgbórò, Ọdẹ́níran ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀dọ́, kò sì tí ì darúgbó. Ó ka ìwé díẹ̀, ìwé náà kò sì jìnnà. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ. Bí ẹ bá bá a níbi tí àwọn ọdẹ ti ń mu ẹmu, yóò ní òun ti fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo lé ẹfọ̀n wọ odò rí. Irọ́ ni. Gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé a mọ̀, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ojo ni Ọdẹ́níran. Ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ó máa ń pa akíkanjú.

Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kú, kò sunkún. Ibà ni, kò pẹ́ rárá tó fi gbé e lọ. Wọ́n sin ín. Ọdẹ́níran dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá kí i, ó wọlé, ó mú ìbọn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo nù ún. Láti ọjọ́ náà, ó dà bí ilé tí wọ́n pa iná inú rẹ̀ tí wọn kò tan òmíràn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, a jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣàwàdà, a rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé òun kò rántí ojú obìnrin náà mọ́. Ó rántí ohùn rẹ̀. Ó rántí bí ó ti máa ń ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú yẹ kí ó wà, ó ṣófo bí àwo tí a ti fọ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni yóò gbọ́ pé ọkùnrin gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀ tí kò ní bú u?

Àwẹ̀ró yìí ni olórí àwọn akunlé, àwọn obìnrin tí ń ya àwòrán sára ògiri iwájú ààfin bí ọdún bá ń bọ̀. Ẹfun ni wọ́n fi ń ya funfun, osùn fún pupa, omi aró fún dúdú, ọwọ́ àti ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì fi ń yà á. Àwọn àgbà a máa sọ pé gbogbo ìtàn Ìgbórò wà lára ògiri náà. Àwẹ̀ró kú tán, òjò bẹ̀rẹ̀, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àwọn obìnrin tó kù dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń wò ó, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ọba tuntun ni Onígbórò nígbà náà. Ọ̀nà jíjìn ló ti dàgbà, kò gbé ìlú rí kí wọ́n tó fi jọba. Ó fẹ́ ògiri náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́níran.

"Ọdẹ́níran, wọ́n ní o ní ojú."

"Kábíyèsí, ojú la fi ń jẹ ọdẹ. Ẹsẹ̀ la fi ń sá."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé lẹ́yìn Igbó Ẹ̀yìnwá, ìlú kan wà tí wọ́n ti ń gbé ohun àtijọ́ wá síwájú ẹni, tí ẹni yóò máa rìn káàkiri inú rẹ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Lọ wo ògiri wa wá. Fi sí ojú rẹ, kí o gbé e wálé fún àwọn obìnrin yìí. Bí ọdún bá dé tí o kò dé, n ó jẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ́ sìmẹ́ǹtì bo ògiri náà, kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, kí ó tán níbẹ̀."

Yéyé Wúràọlá, ẹni tó ṣe ìkejì Àwẹ̀ró láàárín àwọn akunlé, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ògiri ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n—"

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ìyá náà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀, ó ní òun yóò lọ. Kì í ṣe nítorí ògiri. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá lè gbé ògiri wá, wọn yóò gbé ẹni tí ń kùn ún wá pẹ̀lú. Òun yóò rí ojú rẹ̀.

Bí ó ti rìn kò kàn wá. Ó rìn, ó dé Igbó Ẹ̀yìnwá. Igbó náà dákẹ́. Ẹyẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ń wò ni, kò ké. Ọdẹ́níran rọra ń gbé ẹsẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan, gbì, bí ìgbà tí orí bá kọ lu igi. Ó tún gbọ́ ọ, gbì. Iwin kan yọ, ó ń rìn bọ̀ bí afọ́jú. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ìpàkọ́, wọ́n pọ́n, wọn kì í ṣẹ́. Iwájú orí rẹ̀ kún fún kókó bí igi ìrókò tó ti gbó, nítorí pé gbogbo igi tó bá kọjú sí ló ń kọ lù.

Iwin náà kẹ̀yìn sí i kí ó lè rí i. Ó ní, "Ìwọ olójú-iwájú, kò rẹ̀ ọ́?"

"Kí ni kò rẹ̀ mí, bàbá?"

"Láti máa wo ohun tí kò tí ì sí."

Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọjá, bàbá. Iṣẹ́ ọba ni mò ń jẹ́."

"Dá mi lóhùn ná. Kí ni ohun tí ìwọ fúnra rẹ ti ń ṣe láti òwúrọ̀, tí ìwọ tí ò ń ṣe é kò rí i, tí èmi tí n kò ṣe é ń rí i kedere? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó yọ ojú rẹ kan, n ó fi sí iwájú orí mi. Igi ti sú mi."

Ọdẹ́níran ronú. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn ronú, ṣùgbọ́n òun kò tí ì ronú láìsí ẹ̀rù rí, ó ti mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ipasẹ̀ mi ni. Ẹ̀yìn mi ni mò ń fi í sílẹ̀ sí."

Iwin náà mí kanlẹ̀. "Gbogbo ọdẹ ló ń mọ ìyẹn. Àgbẹ̀ ló yẹ kí n máa bi." Ó kúrò lọ́nà. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni yòówù tí o bá rí níbi tí ò ń lọ, wo ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí o tó bá a sọ̀rọ̀."

Bí Ọdẹ́níran fúnra rẹ̀ bá ń sọ ibí yìí, á ní òun fi pankẹ́rẹ́ na iwin náà títí ó fi ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Ó dúpẹ́, ó sáré kọjá.

Ó dé Ìlú Aríran. Kò sí ariwo níbẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó lórí ẹní níwájú ilé wọn, gbogbo wọn dé akoto dúdú kan tó bo ojú wọn. Ewúrẹ́ ń jẹ iṣu nínú àká wọn, kò sí ẹni tó lé e. Obìnrin kan ń gún odó tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń mi orí pé ó dùn. Ọkùnrin kan ń jó, òun nìkan. Sólà wà lórí gbogbo òrùlé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kọjú sí oòrùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dé akoto, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ orógbó lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kúulé o, ìyá."

"Èmi nìkan ni o kí. Àwọn yòókù ò sí nílé, bí o tilẹ̀ rí wọn. Ìyá Alákoto ni wọ́n ń pè mí. Kí lo wá wò?"

"Ògiri ni, ìyá."

"Àwọn ẹlòmíràn ń wá wo ogun. Wọ́n ń wá wo ọba tó ti wàjà. Ìwọ wá wo ògiri."

"Ọba ló rán mi."

"Ọba ló rán gbogbo àwọn tó jókòó yìí." Ó fi orógbó tọ́ka sí ẹni tó ń jó. "Èyí wá wo bí wọ́n ti ń rọ idẹ láyé àtijọ́, kí ó lè lọ kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ pàdé níbẹ̀, bàbá ń jó. Òun náà ń jó títí di òní. Wo bí ó ti gbẹ."

Ó mú gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ó ní kí Ọdẹ́níran gbé e sójú, kí ó wo odi ìlú. Odi náà ti wó, koríko ti bò ó. Ọdẹ́níran wò ó láti inú gíláàsì: odi dúró ṣinṣin, ẹ̀ṣọ́ ń rìn lórí rẹ̀, àwọn obìnrin ń ru igi wọlé. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀: koríko. Ó gbé e sójú: odi. Kò yà á lẹ́nu tó bí ó ti yẹ.

"Báwo lẹ ṣe ń rí i kó jọ, ìyá?"

"Oòrùn ni. Ohunkóhun tí oòrùn bá ti ràn sí lára, ó ti gbé àwòrán rẹ̀ lọ. Apá ibí ló ń wọ̀ sí. Sólà wa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó sùn. Ohùn kò sí níbẹ̀, nítorí oòrùn kò ní etí. Ohun tí oòrùn kò bá sì ràn sí, a kò ní in. Jókòó."

Ó dé akoto lé e lórí. Akoto náà wúwo, ó ń rùn bí òógùn àwọn ẹlòmíràn. Òkùnkùn ni ó kọ́kọ́ rí. Ó gbọ́ ohùn ìyá náà létí rẹ̀.

"Ògiri ọdún wo?"

"Ọdún wo kẹ̀? Ògiri ìlú wa ni mo ní."

"Mo gbọ́. Ti ọdún wo?"

Kò yé e, kò fara balẹ̀ wo ògiri náà rí. Ó ní, "Ti ọdún tó kọjá."

Ilẹ̀ mọ́. Ó bá ara rẹ̀ níwájú ààfin Ìgbórò, ní àárọ̀, àwọn akunlé tò síwájú ògiri. Ẹni àárín, Àwẹ̀ró ni. Ó mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn. Ó mọ bí èjìká òsì rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ó ń fi ẹfun kán àmì sí ara ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan lára ògiri, tó, tó, tó. Ọdẹ́níran wo ilẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀, òjò ti rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n obìnrin náà sún sọ́tùn-ún, ó sún sósì, kò sí ipasẹ̀ kankan. Ó rò pé àyà òun yóò já. Àyà rẹ̀ kò já. Ó dúró, ó ń wò.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ki ọwọ́ bọ igbá ẹfun. Ọdẹ́níran sún mọ́ ọn. Gèlè rẹ̀ ṣíji bò ó lójú. Òkùnkùn ni.

"Ìyá, ẹ yí i síbí."

"Ògiri ló kọjú sí. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn rí."

"Ọdún mìíràn ńkọ́?"

"Ọdún pọ̀. Ìwọ ni n ó máa tẹ̀lé."

Wọ́n wo ọdún mìíràn. Wọ́n wo òmíràn. Lọ́dún kan, odò ló wà lára ògiri, àti ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún kan, ẹṣin. Lọ́dún kan, ìràwọ̀ nìkan, wọ́n pọ̀ bí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ lórí àpáta. Àwẹ̀ró ń kéré sí i, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ̀yìn ni síbẹ̀. Ọdẹ́níran kò wo ògiri mọ́.

Ẹ gbọ́ ibi tí ó ti ṣìnà. Ẹlòmíràn tí ó bá rí òkú rẹ̀ nínú akoto, á sáré dì mọ́ ọn, á ṣubú lu ìkòkò, á pariwo, á sunkún. Ẹkún náà á sú u, á ṣí akoto, á lọ ilé rẹ̀. Ọdẹ ni Ọdẹ́níran. Ẹni tó ti gun ẹ̀gùn rí, ibùba ọdẹ lórí igi, tí eèrà ń jẹ ẹ́ tí kò mira, ó mọ ohun kan: ẹran á wá bá ẹni tí kò bá mì. Ó jókòó sínú akoto bí ẹni tó wà lórí ẹ̀gùn. Ó ní obìnrin náà á yíjú bó pẹ́ bó yá, òun ṣáà ti dúró jẹ́ẹ́. Irùngbọ̀n hù lójú rẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ okùn àpò rẹ̀. Ìyá Alákoto ń fi omi sí i lẹ́nu, ó ń gbé e mì.

Lọ́jọ́ kan, ó súfèé. Kò rò ó tẹ́lẹ̀. Súfèé tí ó máa ń fún bí ó bá ti oko ọdẹ bọ̀, tó kù díẹ̀ kí ó dé ẹ̀yìnkùlé. Bí Àwẹ̀ró bá gbọ́ ọ, á ti inú ilé dáhùn pé, "Ọkọ mi, ṣé ẹran lo gbé bọ̀ ni, àbí ẹnu?" Ó súfèé náà bí ó ti yẹ. Àwọn obìnrin tó wà níwájú ògiri kò yíjú. Níta, ewúrẹ́ kan ké.

Ìyá Alákoto jókòó tì í. Ó ní, "Ọdẹ, ẹ̀rù rẹ ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi kẹ̀?"

"Àwọn tó bá sunkún ló máa ń lọ. Ìwọ kò sunkún. O máa kú síbí, wàá kàn dákẹ́ síbí ni, mi ò ní mọ̀ pé o ti kú."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ìyá. Á yíjú."

Ìyá náà tún akoto náà ṣe lé e lórí. Ó ní, "N ó fi ọjọ́ kan hàn ọ́. Ẹnì kankan kì í béèrè rẹ̀, nítorí kò sí àwòrán tó kù lópin rẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn akunlé ni, pẹ̀lú ìkòkò omi àti àkísà. Ẹṣin ẹlẹ́fun kan wà lára ògiri, ó tóbi, ó dára. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò sókè, ó da omi lé ẹṣin náà lórí. Ẹfun ń ṣàn wálẹ̀. Àwọn yòókù fi àkísà nù ún. Èjìká Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọdẹ́níran rò pé ó ń sunkún. Ó wò ó dáadáa, bí a ti ń wo ewé tó mì láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni tàbí ẹran. Obìnrin kan gbá Àwẹ̀ró lẹ́yìn. Àwẹ̀ró bu omi, ó fi wọ́n ọn. Gbogbo èjìká tó wà níwájú ògiri ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó ń fọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nù, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ ni?"

"Lọ́dọọdún."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ṣé wọ́n máa ya tuntun sórí ògbólógbòó ni? Níbo lo máa ń wà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́?"

"Inú ìgbẹ́," ni Ọdẹ́níran wí. "Ẹran ọdún ni mo máa ń wá lọ."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí akoto kúrò lórí. Oòrùn gún un lójú. Ìyá Alákoto fún un ní iṣu sísun, ó jẹ ẹ́, ó dìde, ó kọ́kọ́ ṣubú, ó tún dìde. Kò gbé nǹkankan lọ.

Nígbà tí ó dé Ìgbórò, ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ti to àpò sìmẹ́ǹtì síwájú ààfin. Ọba jáde, àwọn akunlé jáde, Yéyé Wúràọlá ló ṣíwájú wọn.

"Ṣé o rí ògiri?" ni ọba wí.

"Mo rí i, Kábíyèsí. Wọ́n bi mí pé èwo. Mi ò mọ̀ pé ó ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún ni, wọ́n á ya òmíràn. Kò sí èyí tí a lè pè ní òun gan-an."

Ọba wo àwọn obìnrin. Yéyé Wúràọlá wo ilẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ wí lọ́jọ́sí nìyẹn, Kábíyèsí."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fọ̀ ọ́, kí ẹ ya òmíràn?"

Ìyá náà tọ́ka sókè. Lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjò kò dé, ìwọ̀n ẹní kan kù lára iṣẹ́ ọdún tó kọjá: ìdajì ọ̀pọ̀lọ́, àti àtẹ́lẹwọ́ obìnrin kan tí a fi ẹfun tẹ̀. "A kò lè bẹ̀rẹ̀ láìfọ ìyẹn. Ta ni nínú wa tó máa fọ ọwọ́ Àwẹ̀ró nù?"

Ọdẹ́níran lọ sí ìdí ògiri, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà títí. Kò fọwọ́ kàn án.

Yéyé sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ Àwẹ̀ró, ṣé o rí i lọ́hùn-ún?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ náà làwa mọ̀ jù. Òun ló máa ń wà níwájú."

Ọdẹ́níran mi orí. Ó ní, "Ẹ bá mi bu omi wá."

Ọba ní, "Ìyẹn nìkan ló kù nínú ohun tí mo rán ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

Ó gba ìkòkò, ó gun orí àpò sìmẹ́ǹtì kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o, ó da omi sí i. Ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Ọwọ́ lọ. Ẹfun ṣàn gba apá rẹ̀, ó wọ abíyá. Ọba wò ó títí, ó yíjú sí àwọn agbaṣẹ́ṣe, ó ní kí wọ́n kó sìmẹ́ǹtì wọn kúrò lọ́nà àwọn obìnrin.

Yéyé Wúràọlá nu ojú rẹ̀. "Kí la ó kọ́kọ́ yà sí i?"

"Èmi ò mọ̀, Yéyé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná." Ọdẹ́níran sọ̀kalẹ̀. Àwọn obìnrin ti tò síwájú ògiri, wọ́n kọjú sí i bí ìṣe wọn. Ó wò wọ́n láti ẹ̀yìn, ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, kó tó gbẹ, ẹ yíjú síbí."

"Nítorí kí ni?" ni ọ̀kan wí. "Oòrùn ló wà níbẹ̀ yẹn, ọkùnrin yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣáà yíjú, kí ó rí ojú yín."

Wọ́n rò pé igbó ti ṣe é lórí. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣẹ́jú, Yéyé Wúràọlá tilẹ̀ fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn nítorí ooru. Ọdẹ́níran dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó gbé ojú tirẹ̀ náà sókè, ó dúró jẹ́ẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá a dé nìyẹn. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba Ìgbórò kọjá, kí ó bá mi wo ògiri náà. Ohun tí ó bá bá níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí mo rí.